Ọ̀fẹ́ ni oògùn HIV: kí ló wá ń dí àwọn kan lọ́wọ́ láti máa lò ó déédéé n'Ífẹ̀ àti Iléṣà?

Hóró kan lójúmọ́ ni oògùn tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní kòkòrò HIV lára ń lò ní Nàìjíríà báyìí. Hóró náà tóbi díẹ̀, àmọ́ ife omi kan ti tó láti gbé e mì. Wọn kì í ta á fún aláìsàn ní ibùdó ìtọ́jú ìjọba. Síbẹ̀, ẹ bá nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ nírú ibùdó bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ n'Ílé-Ifẹ̀, ì báà jẹ́ n'Íléṣà, kò ní pẹ́ tí á fi kan ọ̀rọ̀ àwọn tó gba oògùn tí wọn ò lò ó, àtàwọn tí ọjọ́ ìpadàwá wọn ti kọjá tí wọn ò yọjú.

Àìgbọràn ni ará ìta máa ń kà á sí. "Wọ́n fún un lóògùn lọ́fẹ̀ẹ́, orí kunkun ni ò jẹ́ kó lò ó." Èmi ò gbà pé bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí. Nínú gbogbo ohun tí ìtọ́jú HIV ń béèrè lọ́wọ́ èèyàn, gbígbé oògùn mì ló rọrùn jù. Ibo ni kí n fi ike oògùn yìí pamọ́ sí? Ta ló máa rí mi tí mo bá jókòó sí kílíníìkì yẹn? Kí ni mo máa sọ fún ọ̀gá mi níbi iṣẹ́? Èló ni wọ́n ń gbé èèyàn báyìí? Níbẹ̀ ni wàhálà wà.

Ọ̀rọ̀ yìí tún gbóná sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Ní ogúnjọ́ oṣù kìíní ọdún náà, lọ́jọ́ tí Donald Trump gorí oyè lẹ́ẹ̀kejì ní Amẹ́ríkà, ó buwọ́ lu àṣẹ pé kí wọ́n dá ìrànwọ́ tí wọ́n ń ṣe fún ilẹ̀ òkèèrè dúró fún 90 ọjọ́. PEPFAR, ètò tí Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ lọ́dún 2003 láti gbógun ti HIV, wà lára ohun tó fara gbá a. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti yọ oògùn tó ń gba ẹ̀mí là kúrò nínú àṣẹ ọ̀hún, àmọ́ àyà àwọn èèyàn ti já. Ní oṣù kejì, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ l'Ábùjá fọwọ́ sí ₦4.8 bílíọ̀nù láti fi ra ìdì oògùn HIV 150,000. Àwọn aṣòfin náà fi 200 mílíọ̀nù dọ́là kún owó ètò ìlera nínú ìsúná ọdún 2025, kí àlàfo tí Amẹ́ríkà fi sílẹ̀ má baà pọ̀ jù.

Ó dára. Owó yẹn á ra oògùn. Àmọ́ owó òkèèrè ò ra oògùn nìkan látẹ̀yìn wá. Òun ni wọ́n fi ń san owó ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pe aláìsàn lórí fóònù tí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, àwọn tó ń gun ọ̀kadà lọ wò ó nílé láìwọ aṣọ iṣẹ́, àtàwọn tó ń jókòó tì í tó bá ń sunkún lọ́jọ́ tí èsì àyẹ̀wò jáde. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí a ṣe ń lọ.

Ohun tí oògùn náà ń ṣe

Inú àwọn sójà ara gan-an ni HIV ń wọ̀, ibẹ̀ ló ti ń bí sí i. Lára ẹni tí ò lo oògùn, kòkòrò tuntun lè tó bílíọ̀nù mẹ́wàá lóòjọ́ kan. Oògùn ò lè pa gbogbo rẹ̀ tán. Ìbísí rẹ̀ ló ń dá dúró. Àwọn díẹ̀ máa ń sá pamọ́ sínú ara, níbi tí oògùn ò ti lè bá wọn. Tí èèyàn bá dáwọ́ oògùn dúró, àwọn wọ̀nyẹn náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré, ẹ̀jẹ̀ á tún kún fún kòkòrò. Ohun tó sọ oògùn náà di ti ojoojúmọ́ ayé nìyẹn.

TLD lorúkọ tí wọ́n ń pe hóró tí wọ́n ń lò báyìí: tenofovir, lamivudine àti dolutegravir, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú hóró kan ṣoṣo. Tí èèyàn bá ń lò ó bó ṣe yẹ, nígbà tó bá fi máa pé oṣù mẹ́fà, iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń ti lọ sílẹ̀ débi tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò ò ní rí i mọ́. Ẹni tó bá wà nípò yẹn ò lè kó o ran ọkọ tàbí aya rẹ̀ nípasẹ̀ ìbálòpọ̀. Kì í ṣe àhesọ. Ìwádìí lórí àwọn tọkọtaya tí ọ̀kan nínú wọn ní in tí èkejì ò ní in ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ láti ọdún 2011 wá. Ti aláboyún náà wà níbẹ̀. Láìsí ìtọ́jú, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí àwọn ìyá tó ní kòkòrò yìí bí, 15 sí 45 ló máa ń kó o láti ara ìyá wọn. Tí ìtọ́jú bá péye, kì í tó márùn-ún.

Bí oko tí wọ́n ro dé ìdajì ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ń lò ó lónìí tí kò lò ó lọ́la: koríko tó kù lẹ́yìn ló máa le jù. Nígbà tí oògùn inú ẹ̀jẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ tí kò sì tán pátá, kòkòrò tó bá ti yí àwọ̀ padà díẹ̀ ni kì í kú, irú tiẹ̀ ló sì máa bí. Nígbà tí wọ́n ṣì ń lo oògùn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, òdiwọ̀n tí àwọn dókítà ń lò ni pé kí aláìsàn lo 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú 60 ìgbà tó yẹ kó lò ó lóṣù, kò gbọdọ̀ fò ju mẹ́ta lọ. Dolutegravir lágbára ju àwọn tàtijọ́ lọ, kò sì tètè já fún kòkòrò, ìyẹn náà sì wà lára ìdí tí wọ́n fi yí sí i. Kò túmọ̀ sí pé ẹni tó ń pa á tì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta lè máa fọkàn balẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa àwọn oògùn àtijọ́ yẹn, torí ìbẹ̀rù wọn ṣì wà nílẹ̀. Ọdún 2002 ni ìjọba Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú náà, èrò wọn ni pé kó kọ́kọ́ kárí àgbàlagbà 10,000 àti ọmọdé 5,000. ₦1,000 ni aláìsàn ń san lóṣù, nígbà tí owó oṣù tó kéré jù fún òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ jẹ́ ₦5,500. Oṣù kìíní ọdún 2006 ni wọ́n tó sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn oògùn ìgbà náà, stavudine, máa ń fa ọ̀rá kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́, lápá àti lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wọnú, ẹsẹ̀ á wá rí tẹ́ẹ́rẹ́. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí wọ́n máa yọ ọ́ kúrò ńlẹ̀ lọ́dún 2009. Òmíràn, efavirenz, alẹ́ ni wọ́n ń lò ó, ó sì máa ń fa òòyì àti àlá tó le. Nílẹ̀ wa níbí, tí jíjẹun lójú àlá ti tó ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ gbààwẹ̀, ẹ ò rí i pé kò ṣòro kí aláìsàn gbà pé àwọn ayé ló dé, kó sì ju oògùn nù kó lè rí oorun sùn. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yẹn lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan lọ́dún 2008 lè máà tíì mọ̀ pé oògùn ti yí padà.

Ilé tí ojú pọ̀ sí

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó jù nìyí. Ẹ wo bí a ṣe ń gbé. Yàrá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ tọkọtaya àtàwọn ọmọ wọn ń gbé ní Ìlódè, ní Ìrémọ, tàbí láàárín ìlú Iléṣà. Ìyá ọkọ lè wà ní yàrá kejì, aládùúgbò ń wọlé láìkànlẹ̀kùn, ọmọ ẹ̀gbọ́n ń tú àpótí wá ìwé. Ike oògùn máa ń dún ṣaworo tí wọ́n bá gbé e. Orúkọ oògùn sì wà lára rẹ̀ gàdàgbà, nígbà tó sì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù lè tẹ orúkọ yẹn sí Google.

Ohun tí àwọn èèyàn wá ń ṣe ni pé wọ́n á ya ìwé ara ike kúrò, tàbí kí wọ́n da oògùn sínú ọ̀rá, sínú ike fítámì, sínú igbá àtíkè. Ìyẹn náà ní wàhálà tiẹ̀, torí ike tí oògùn bá wá láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ṣe láti má jẹ́ kí ọ̀rinrin dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí àlejò bá sùn mọ́jú, oògùn alẹ́ ọjọ́ yẹn ti lọ nìyẹn. Tí wọ́n bá lọ síbi òkú ní ìlú ìyàwó fún ọjọ́ mẹ́rin, tí wọ́n sì kó èèyàn mẹ́jọ sí yàrá kan, ọjọ́ mẹ́rin ti lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé nínú ọgbà OAU, nínú yàrá tí ọmọ púpọ̀ wà, tí gbogbo wọn ń lo kọ́bọ́ọ̀dù ara wọn, ó máa dúró kí gbogbo wọn sùn kó tó lò ó, òun náà á sì sùn lọ.

Ti àwọn obìnrin tún le. Inú ìtọ́jú aláboyún ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń kọ́kọ́ mọ̀, torí pé wọ́n ń yẹ gbogbo aláboyún wò níbẹ̀. Obìnrin ló wá jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ mú ìròyìn náà wọlé, ẹni tó bá sì mú un wọlé ni wọ́n máa ní ó gbé e wá. Ọkọ tí kò tíì yẹ ara rẹ̀ wò rí ni á máa béèrè ibi tó ti rí i. Mo mọ̀ pé àwọn ọkùnrin kan máa bínú sí gbólóhùn yẹn. Kí wọ́n lọ yẹ ara wọn wò ná. Obìnrin tó mọ̀ pé wọ́n lè lé òun jáde pẹ̀lú oyún nínú á yàn láti máa lo oògùn náà ní bòókẹ́lẹ́, oògùn bòókẹ́lẹ́ kì í sì í pé.

Òfin kan wà láti ọdún 2014 tó ka ìdẹ́yẹsí sí àwọn tó ní HIV léèwọ̀. Agbanisíṣẹ́ ò gbọdọ̀ ní àfi kí èèyàn ṣe àyẹ̀wò HIV kó tó gbà á síṣẹ́. Òfin dára, ó lè dé ọ́fíìsì. Kò lè dé ìdí ìkòkò ọbẹ̀ nínú agbo ilé, níbi tí wọ́n ti ń ya ife àti ṣíbí ẹnì kan sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ HIV kì í ti ara ife ran ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà yìí, ní Ìmẹ̀sí-Ilé àti ní ilé ìwòsàn Wesley Guild n'Íléṣà, ni Dókítà David Morley ti ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ọdún 1950 lórí káàdì tí wọ́n fi ń tọpa bí ọmọdé ṣe ń dàgbà. Ọwọ́ ìyá ọmọ ni káàdì ń wà, kì í ṣe ọwọ́ ọsibítù, ìyá á gbé e lọ sílé, á sì mú un padà wá tó bá tún fẹ́ wọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló kọ́ ọ lára wọn. Ìyá ọmọ ń fi káàdì yẹn yangàn. Káàdì HIV tún wà níbẹ̀ lónìí, ìwé bíi tiẹ̀, ọjọ́ ìpadàwá lára rẹ̀ bíi tiẹ̀, ẹni tó ni ín sì ń wá ibi tó máa sọ ọ́ sí kó tó délé. Ètò tó gbára lé káàdì nìkan láti rán èèyàn létí kò ronú nípa ilé tí káàdì náà ń lọ.

Láti Iléṣà sí Ifẹ̀, láti Ifẹ̀ sí Òṣogbo

OAUTHC, ilé ìwòsàn ti Yunifásítì OAU, ní ẹ̀ka ní ìlú méjèèjì. Wesley Guild ni ti Iléṣà. Lójú ẹni tó ń wo máàpù, kò sí ẹni tí ìtọ́jú jìnnà sí. Àmọ́ ará Iléṣà tó mọ̀ pé ọmọ ìyá ọkọ òun ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ò ní gba ibẹ̀ kọjá. Ifẹ̀ ló máa lọ, nǹkan bí 30 kìlómítà. Ará Ifẹ̀ náà ń sá lọ sí Òṣogbo tàbí Ìbàdàn. Wọ́n ń fi owó ọkọ̀ ra àṣírí.

Àṣírí yẹn ti wọ́n sí i. Nígbà tí Ààrẹ Tinúbú kéde ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà epo tí kò tó ₦200 kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò sì padà wálẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń ti abà ní ọ̀nà Ifẹ̀wàrà tàbí Ifẹ̀tẹ̀dó bọ̀ á kọ́kọ́ gun ọ̀kadà dé títì kó tó wọ mọ́tò. Tó bá jẹ́ àgbẹ̀ kòkó, ọwọ́ rẹ̀ ń yá láti bí oṣù kẹsàn-án títí dé ìparí ọdún nígbà ìkórè ńlá. Tó bá wá di àárín òjò, tí kòkó ò tíì gbó, owó ọkọ̀ lọ sí kílíníìkì máa ń dìjà pẹ̀lú owó gaàrí. Gaàrí ló máa ń borí. Àwọn tó ń wa wúrà káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, lágbègbè Ìtagunmodi àti Ìpèríndó, wọn kì í tilẹ̀ sí lójú kan: ibi tí wúrà bá ti yọ ni wọ́n ń kó lọ, fáìlì wọn sì wà níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbà á.

Ohun kan tó ti ran ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ gan-an ni bí wọ́n ṣe ń fún ẹni tára rẹ̀ ti balẹ̀ ní oògùn oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, dípò kó máa wá lóṣooṣù. Ìgbà mẹ́rin tàbí méjì lọ́dún ni owó ọkọ̀ yẹn, kì í ṣe méjìlá. Ó tún gbà á lọ́wọ́ ìyanṣẹ́lódì. Ní ọdún 2021, àwọn dókítà onímọ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ní àwọn ọsibítù ìjọba káàkiri Nàìjíríà daṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọjọ́. Ẹni tó ní oògùn oṣù mẹ́fà nílé ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ẹ rántí ilé tí ojú pọ̀ sí: ike oṣù mẹ́fà ṣòroó fi pamọ́ ju ike oṣù kan lọ. Àwọn kan ti bẹ nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n má fún àwọn ní púpọ̀, ẹni tí kò bá sì mọ ìdí rẹ̀ á rò pé wọn ò fẹ́ wò sàn ni.

"Wọ́n ní kòkòrò ò sí mọ́"

Iléṣà kì í ṣe ìlú tí ìwòsàn nípa ìgbàgbọ́ jẹ́ àjèjì sí. Ní Òkè-Oòyè ni ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1930, tí àwọn èèyàn ń rọ́ wá láti ọ̀nà jíjìn, tí àdúrà àti omi ìyè di ohun tí wọ́n gbára lé dípò oògùn. Ọ̀pọ̀ ìdílé ń fi ohun tí bàbá àgbà wọn rí níbẹ̀ jẹ́rìí títí dòní. Ẹni tí wọ́n tọ́ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, tó ń gbé oògùn mì ní ìkọ̀kọ̀ láràárọ̀, lè máa rò pé ìgbàgbọ́ òun ti tín-ín-rín.

Níbí ni oògùn tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ti ń pa ara rẹ̀ lára. Aláìsàn lo oògùn fún ọdún kan, ó sanra, ikọ́ lọ, ó padà sọ́jà. Ó ṣe àyẹ̀wò iye kòkòrò, wọ́n ní ẹ̀rọ ò rí i mọ́. Ohun tó gbọ́ ni pé ó ti tán. Ó ti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì kó tó di ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ìjọ ti patẹ́wọ́, báwo ló ṣe tún fẹ́ máa lo oògùn ohun tí Ọlọ́run ti mú kúrò? Nígbà tí kòkòrò bá padà, ìtìjú á dè é mọ́lẹ̀ sílé títí ara á fi wó. Ẹnu òṣìṣẹ́ ìlera tó sọ èsì yẹn ló yẹ kó ti ṣàlàyé ara rẹ̀: ẹ̀rọ ò rí i torí pé o ń lo oògùn. Lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀ ní kílíníìkì, àlàyé yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ń fò. Pásítọ̀ àti àlùfáà tó bá sì là á mọ́lẹ̀ pé kí èèyàn gbàdúrà kó sì lo oògùn rẹ̀ lè ṣe ju ohun tí dókítà lè ṣe lọ, torí ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́.

Àgbo? Ọ̀pọ̀ aláìsàn ń lò ó pọ̀ mọ́ oògùn òyìnbó, wọn kì í sì í sọ fún dókítà torí wọ́n mọ̀ pé á jágbe. Tẹni tó ń lo méjèèjì kò burú tó tẹni tó fi èyí rọ́pò èyí. Ẹni tí wọ́n bá ti ṣèlérí fún pé àgbo ìgò mẹ́ta á fọ HIV kúrò pátápátá máa ń ju oògùn sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá san owó. Kò tíì sí àgbo tí ẹnikẹ́ni ti fi hàn nínú ìwádìí pé ó lè wo HIV sàn.

Àwọn nǹkan kéékèèké náà wà tí kò yẹ kó dá oògùn ẹnikẹ́ni dúró, àmọ́ tó ń dá a dúró. Wọ́n ní ebi ò gbọdọ̀ pa ẹni tó bá fẹ́ lò ó, nítorí náà ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ á fi oògùn sílẹ̀. Irọ́ ni, TLD ṣeé lò láìjẹun. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ pàdé ọtí, nítorí náà gbogbo Sátidé tí òwàm̀bẹ̀ bá wà, oògùn á dúró sílé. Ọtí àmupara ò dára fún ẹnikẹ́ni tó ń tọ́jú ara, àmọ́ fífo oògùn torí ìgò bíà méjì ló burú jù. Lákòókò ààwẹ̀ Ràmàdáánì, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ náà ni: ó ṣeé lò nígbà sàárì tàbí nígbà ìṣínu. Ohun tó yẹ ká ṣọ́ra fún lóòótọ́ ni wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún aláboyún, oògùn egungun tó ní kálísíọ́mù, àti oògùn ọgbẹ́ inú tó ní magnẹ́síọ́mù tàbí alumíníọ́mù, wọn kì í jẹ́ kí dolutegravir wọ ara dáadáa tí wọ́n bá jọ lò wọ́n pọ̀. Kí a lo TLD ní wákàtí méjì ṣáájú wọn, tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn wọn. Ti oògùn ẹ̀jẹ̀ àti kálísíọ́mù ṣeé lò pọ̀ mọ́ ọn tí a bá jẹun sí i. Ti ọgbẹ́ inú, àlàfo yẹn ni kí a tọ́jú. Ẹni tó tún ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, tó ń lo rifampicin, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló máa lo dolutegravir, dókítà ló sì máa kọ ọ́ fún un.

Ẹni kan tó mọ̀

Tí wọ́n bá bi mí pé kí ni mo rò pé ó lágbára jù nínú ohun tó ń mú kí èèyàn dúró ti oògùn rẹ̀, mi ò ní mẹ́nu ba ìpolongo lórí rédíò. Ẹni kan tó mọ̀ nílé ni. Kò di dandan kó jẹ́ ọkọ tàbí ìyàwó. Ó lè jẹ́ àbúrò, ó lè jẹ́ ọmọ tó ti dàgbà, ẹni tó lè sọ pé "Màámi, ẹ ti lò ó?" láìsí pé ẹnikẹ́ni nínú ilé mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Láti ìgbà tí ẹnì kan bá ti mọ̀, oògùn ti rí ibi gbé, owó ọkọ̀ ti rí ẹni yá a, ẹni tó lè bá a lọ gbà á náà sì wà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè orúkọ alátìlẹyìn kan ní kílíníìkì kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á fi orúkọ ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ẹni tí kò ní irú èèyàn bẹ́ẹ̀ nílé, ohùn orí fóònù ló kù fún un: òṣìṣẹ́ tó mọ orúkọ rẹ̀, tó mọ̀ pé kò gbọdọ̀ pè é lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ torí ọkọ ti dé, tó sì máa ní òun ń pè láti ilé aṣọ tí ẹlòmíràn bá gbé fóònù. Ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbé pẹ̀lú kòkòrò náà, níbi tó ti máa rí ẹni tó ti ń lò ó láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tára rẹ̀ dá ṣáṣá. Àwọn wọ̀nyí ni mo ní kí ẹ fi sọ́kàn lókè. Kò sí ìdì oògùn tó lè ṣe iṣẹ́ wọn. Tí Àbújá àti Òṣogbo bá ń ṣírò ohun tí ìtọ́jú HIV máa ná wa lẹ́yìn owó Amẹ́ríkà, tí wọ́n wá ka iye ike tí wọn ò ka owó oṣù ẹni tó ń fóònù, oògùn á kún yàrá ìkóòògùnsí, kálukú á wà nílé rẹ̀.

Fún ẹni tó ti fò ó, tó ń ka èyí. Tó bá jẹ́ ti òní lo gbàgbé, lò ó nígbà tó o bá rántí. Tí àsìkò èyí tó kàn bá ti súnmọ́ gan-an, fi ti àná sílẹ̀, má lo méjì pọ̀. Tó bá ti pẹ́, oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, padà lọ kí wọ́n yẹ̀ ọ́ wò, má dá a bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ. Tó bá jẹ́ ọ̀nà ló jìn tàbí ojú ló pọ̀, béèrè fún ìwé ìṣípòpadà sí ibùdó mìíràn. Wọ́n ní in, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Wọ́n á bá ọ sọ̀rọ̀, wọ́n á dá ọ padà sórí oògùn, lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta wọ́n á tún ka iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Ọ̀pọ̀ ló máa ń padà bọ̀ sípò lórí TLD kan náà. Ẹni tí kòkòrò rẹ̀ ò bá gbọ́ ti oògùn yẹn mọ́, oògùn ipele kejì wà fún un, àmọ́ hóró rẹ̀ sábà máa ń ju ẹyọ kan lọ, owó rẹ̀ sì ju ti àkọ́kọ́ lọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń san án, ì báà jẹ́ Àbújá, ì báà jẹ́ Washington.